Ojú Tí Wọ́n Yí sí Ògiri

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, a sì máa ń pa á fún àwọn ọmọ wa nígbà tí wọ́n bá ń lọ sí àjò. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè pé: bí ojú bá ń ṣọ́ orí, ta ló ń pàṣẹ ibi tí ojú yóò wò? Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lóṣù yìí, ẹ̀yin òǹkàwé mi, nítorí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọdún méjì.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn bó ṣe ṣẹlẹ̀. Wọ́n rán mi láti ọ́fíìsì wa pé kí n lọ kọ nǹkan nípa ilé ìjọba àtijọ́ kan. N kò ní í dárúkọ ìlú, n kò sì ní í dárúkọ ilé. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú. Láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ni ilé náà ti wà: òpó ńláńlá, àtẹ̀gùn olókùúta, ilẹ̀ onípákó tó ń dún lábẹ́ bàtà, àti gbọ̀ngàn kan tí àwọn baba wa ti máa ń tò láti san owó orí. Títí di òní, ìjọba ṣì ń ṣèpàdé níbẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ àwọn kámẹ́rà àtijọ́ tó ń ṣọ́ ilé náà kúrò, wọ́n fi tuntun rọ́pò wọn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n lọ wo ohun tí wọ́n fi owó ìlú rà, kí n sì kọ ọ́ kó dùn-ún kà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ó mú mi wọ yàrá kékeré kan lábẹ́ àtẹ̀gùn. Tẹlifíṣọ̀n gbàǹgbà kan ló wà lára ògiri, wọ́n pín ojú rẹ̀ sí ìlà mẹ́rin-mẹ́rin, àwòrán 16 lápapọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó," ó ní. "Tàtijọ́ yẹn, èèyàn á wọlé, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Tuntun yìí, bí eṣinṣin bá bà lé yín nímú, ẹ ó rí i."

Kí n má purọ́, ó wú mi lórí. Mo rí obìnrin tó ń gbálẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó dáwọ́ dúró, ó fi ọwọ́ ti ìbàdí, ó ń na ẹ̀yìn rẹ̀. Mo rí awakọ̀ kan tó sùn sínú mọ́tò, tó la ẹnu sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín. Ó tẹ nǹkan kan, àwòrán bá padà sẹ́yìn. "Ẹ wo ẹni yìí, ẹ̀gbọ́n." Mo wò ó. Ọkùnrin kan tó sanra díẹ̀ ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó rí i pé kò sí ẹnì kankan, ló bá fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó họ ìdí dáadáa, ó tún agbádá ṣe, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ bí èèyàn pàtàkì.

Èmi ni.

A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tèmi kò dé inú. Ojú tì mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè, bẹ́ẹ̀ n kò jí nǹkan ẹnikẹ́ni. Kí ojú lè kúrò lára ọ̀rọ̀ ìdí mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà náà ni mo rí i pé ọ̀kan wà tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ àfi funfun. Kò sí èèyàn, kò sí ilẹ̀kùn, kò sí fèrèsé.

"Èyí ńkọ́?" mo bi í. "Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kò bàjẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá ló yẹ kó máa wò. Ọ̀sẹ̀ tí a gbé e síbẹ̀, ọ̀gá ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ka iye àlejò òun. Wọ́n ní ká yí i sí ògiri."

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kámẹ́rà tuntun, owó gọbọi, tó ń ya fọ́tò ògiri funfun tọ̀sán-tòru!

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Èmi kò bá kámẹ́rà jà. Olè ń bẹ, jàǹdùkú ń bẹ, ilé àtijọ́ sì máa ń ní ohun tí owó kò lè rà padà nínú. Bí ẹ bá fẹ́ àpẹẹrẹ, ẹ jẹ́ ká lọ sí ilẹ̀ Bràsíl, ibi tí àwọn Àgùdà tó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aláràbarà sí Èkó ti padà wá sílé.

Ní Brasília, olú ìlú ilẹ̀ náà tí wọ́n ṣí ní 1960, gbàgede kan wà tí ilé ńlá mẹ́ta dúró sí: ilé iṣẹ́ ààrẹ tí wọ́n ń pè ní Planalto, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, àti ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Oscar Niemeyer ló yàwòrán wọn. Ẹwà ìlú náà pọ̀ débi pé àjọ UNESCO kà á mọ́ ogún gbogbo ayé ní 1987. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 8 oṣù kìíní, 2023, ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn tí wọ́n búra fún Ààrẹ Lula, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí kò gbà pé Bolsonaro fìdí rẹmi nínú ìbò ya wọ ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n fọ́ gíláàsì, wọ́n dojú àga délẹ̀, wọ́n gún àwòrán ńlá kan tí Di Cavalcanti kùn, wọ́n dá ihò sí i lára.

Aago kan wà ní Planalto lọ́jọ́ náà. Balthazar Martinot, aláago ará Faransé, ló ṣe é ní ohun tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀bùn láti ààfin Faransé ni fún ìdílé ọba Potogí, Dom João Kẹfà ló sì gbé e wá sí Bràsíl ní 1808. Ẹ ro iye ọba àti ààrẹ tí aago náà ti lù fún. Ọkùnrin kan dé ìdí rẹ̀, mẹkáníìkì ni, ó gbá a lulẹ̀.

Kámẹ́rà rí i. Àwòrán náà lọ káàkiri ayé, ọlọ́pàá fi wá ọkùnrin náà kàn, nígbà tó sì di 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ jù ú sẹ́wọ̀n ọdún 17. Wọ́n gbé aago lọ sí Switzerland fún àtúnṣe, ó sì padà sí ààyè rẹ̀ ní oṣù kìíní, 2025. Ẹni bá ní kámẹ́rà kò wúlò, ẹ ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ohun tí kámẹ́rà ṣe gan-an. Ó rí ọkùnrin náà nígbà tó dé ìdí aago. Ó rí i nígbà tó na ọwọ́. Ó rí i nígbà tí aago fọ́. Kò pariwo, kò sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kámẹ́rà ni àgbà tó jókòó lọ́jà, tó rí orí ọmọ tó wọ́, tó wá fa ìwé yọ, tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé: ní aago báyìí, orí ọmọ wọ́. Ẹlẹ́rìí ni. Ẹlẹ́rìí sì dára púpọ̀, àmọ́ lẹ́yìn tí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán ni à ń pè é. Lọ́jọ́ náà, àwọn ọlọ́pàá kan wà nítòsí tí wọ́n ń fi fóònù ya ohun tó ń lọ. Ojú pọ̀ ní Brasília lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ ni kò tó.

Nítorí náà, nígbà tí ìjọba bá wí fún wa pé àwọn ti tún ètò ààbò ilé ṣe nítorí pé àwọn ra kámẹ́rà tuntun, ká dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ká sì bi wọ́n pé: ẹni tí yóò sáré nígbà tí kámẹ́rà bá rí nǹkan ńkọ́? Nínú ilé tí mo lọ yẹn, bàbá àgbàlagbà kan ló jókòó sẹ́nu géètì. Nígbà tí mo dé, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ sà. Ta lẹ wá rí?" Mo dá a lóhùn. Ó tún wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó ṣílẹ̀kùn. Ìbéèrè kan péré yẹn, kò sí nínú àwọn kámẹ́rà 16 náà tó lè bi mí. Wọ́n sì sọ fún mi pé wọn ò ní í pẹ́ dá bàbá náà dúró, nítorí pé ẹ̀rọ ti dé.

Ìtàn Bràsíl kò tíì tán o. Apá tó kù yìí gan-an ló mú mi rántí ògiri funfun.

Kì í ṣe àwọn tó fọ́ ilé nìkan ni kámẹ́rà Planalto rí. Ọ̀gágun Gonçalves Dias, mínísítà tí ètò ààbò ààrẹ wà lábẹ́ rẹ̀, wà nínú ilé náà lọ́jọ́ yẹn. Ó ju oṣù mẹ́ta lọ tí aráàlú kò rí àwòrán náà, nítorí ìjọba ní ọ̀rọ̀ àṣírí ni. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin, 2023, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CNN Brasil gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ jáde. Aráyé rí mínísítà tó ń rìn láàárín àwọn tó ya wọlé, wọ́n sì rí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n ń fún àwọn èèyàn náà ní omi mu. Ọ̀gágun ní ńṣe ni òun ń kó wọn kúrò lókè kí wọ́n lè mú wọn nísàlẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. N kò sí níbẹ̀, n kò sì ní í dá a lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan náà ló kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà ni Adájọ́ Alexandre de Moraes sì pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ìdè àṣírí kúrò lórí àwòrán náà.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ojú tí wọ́n rà láti fi ṣọ́ aráàlú, ó rí ọ̀gá pẹ̀lú, nítorí kò sí ẹni tó yí i sí ògiri. Ohun tí ó sì yẹ kí ojú tó wà nínú ilé ìlú máa ṣe nìyẹn.

Ìgbà mìíràn sì wà tí ẹnikẹ́ni kò ní í yí kámẹ́rà, síbẹ̀ tí ohun tó rí kò ní í dé ọ̀dọ̀ wa. Irú ẹ̀rọ yìí kì í tọ́jú àwòrán títí láé. Bí ibi ìpamọ́ rẹ̀ bá kún, yóò máa kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí, bí ọmọ ilé ìwé tó ń nu síléètì rẹ̀. Ní Bràsíl kan náà, nígbà tí ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin béèrè fún àwòrán ọjọ́ yẹn láti ilé iṣẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́ ní 2023, èsì tí wọ́n rí gbà ni pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti pa rẹ́. Wọn kò ní kó má pa rẹ́ ni, ó sì pa rẹ́.

Ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Nígbà tí èrò ya wọ Capitol, ilé àwọn aṣòfin wọn, ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní, 2021, àwòrán tí kámẹ́rà ilé náà ká lé ní wákàtí 40,000. Ní 2023, olórí ilé aṣojú, Kevin McCarthy, ṣílẹ̀kùn àwòrán náà fún ẹnì kan ṣoṣo, Tucker Carlson tó ń ṣètò lórí tẹlifíṣọ̀n. Onítọ̀hún ṣa ibi tí àwọn èèyàn ti ń rìn jẹ́jẹ́, ó fi hàn. Àwọn aṣòfin tó wádìí ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ ṣa ibi tí wọ́n ti ń fọ́ fèrèsé, àwọn náà ti fi hàn. Kámẹ́rà kan náà, ọjọ́ kan náà! Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún náà ni olórí mìíràn, Mike Johnson, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e síta fún tẹrú-tọmọ. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ìtàn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa tún sọ fún mi tayọ̀tayọ̀ pé ẹ̀rọ tuntun náà lè dá ojú èèyàn mọ̀, kó sì dárúkọ rẹ̀. Èyí kò dùn mọ́ mi. Ní 2019, NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò, rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa ṣi ojú aláwọ̀ dúdú mú ju ti òyìnbó lọ. Ní oṣù kìíní, 2020, àwọn ọlọ́pàá Detroit mú ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan níwájú ilé rẹ̀, lójú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ ní òun ló jọ ẹni tó jí aago ọwọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan. Kì í ṣe òun. Nígbà tó di 2024, ìlú Detroit gbà láti san 300,000 dọ́là fún un. Bí ẹ̀rọ bá ṣi àwa mú níhìn-ín, ta ni yóò san kọ́bọ̀ fún wa?

Ó wá ku apá tó ṣòro fún mi láti sọ.

Lẹ́yìn tí mo wo ẹ̀rọ tán, ọ̀gá ilé náà ránṣẹ́ pè mí. Ó bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa, ó bèèrè àlàáfíà ilé mi, ó fún mi ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Nígbà tí mo ń jáde, akọ̀wé rẹ̀ tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà, ó fi àpò ìwé kan lé mi lọ́wọ́. "Ọ̀gá ní ẹ fi wọ mọ́tò, sà." Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ wa ni ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Owó náà tó ẹni tó fẹ́ wọ mọ́tò lọ sí Èkó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Mo gbójú sókè, mo rí kámẹ́rà náà lókè orí wa. Ẹ̀yìn ló kọ sí wa. Mo fi àpò ìwé náà sínú àpò agbádá.

Ní ẹnu géètì, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sáré tẹ̀ lé mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ògiri yẹn, ẹ má kọ ọ́ o. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni." Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo délé, mo kọ ìròyìn tó dùn bí oyin, mo yin ẹ̀rọ, mo yin ọ̀gá. N kò mẹ́nu kan ògiri. Mo sọ fún ara mi pé nítorí ọmọ ọlọ́mọ ni.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó lè sọ òtítọ́ fún ara mi. Bó bá jẹ́ nítorí ọmọ náà ni, mo lè bi ọ̀gá ní ìbéèrè náà fúnra mi. Mo ní ojú, mo rí kámẹ́rà níbi tí wọ́n gbé e kọ́. Àpò ìwé ni kò jẹ́ kí n béèrè. Èmi tí ìlú rán níṣẹ́ pé kí n bá wọn wò ó, wọ́n yí èmi náà sí ògiri, owó tí wọ́n sì fi yí mi kò tó owó kámẹ́rà kan.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí. Ohun tí kò jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ìyẹn ìdí tí mo họ, ni kámẹ́rà rí, tí ojú sì tì mí. Ohun tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ẹnikẹ́ni kò rí i, ojú kò sì tì mí lọ́jọ́ náà. Àwọn oníwàásù yóò sọ pé ẹ̀rí ọkàn ni kámẹ́rà tó tóbi jù. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọkàn mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó sì dákẹ́. Bí kámẹ́rà yẹn bá kọjú sí wa, mo mọ̀ dájú pé ǹ bá ní, "Rárá, ẹ ṣeun." Ìdí nìyí tí n kò fi lè bá àwọn tó ní kí a kó gbogbo kámẹ́rà dànù sọ̀rọ̀. Èmi mọ irú èèyàn tí mo jẹ́ nígbà tí ojú kò sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò lè gbà pẹ̀lú àwọn tó ní kí a máa ṣọ́ obìnrin tó ń gbálẹ̀ kí a sì fi ọ̀gá sílẹ̀. Obìnrin yẹn, kí ló fẹ́ gbé? Ìgbálẹ̀? Ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti yí kámẹ́rà, òun gan-an ló yẹ kí kámẹ́rà máa wò. Bí ojú bá ń yan ẹni tí yóò wò nínú ilé tó jẹ́ ti gbogbo ìlú, ó ti kúrò ní olùṣọ́, ó ti di ẹgba lọ́wọ́ ọ̀gá.

Nítorí náà, nígbàkígbà tí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tún kámẹ́rà ṣe ní gbọ̀ngàn ìlú yín, ní kóòtù yín, ní ilé àwọn aṣòfin yín, ẹ má wulẹ̀ béèrè iye tí wọ́n rà á. Ẹ béèrè ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú sí. Ẹ béèrè ọwọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ibi ìpamọ́ àwòrán wà, àti òfin tí onítọ̀hún ń tẹ̀ lé. Ẹ béèrè iye ọjọ́ tí wọn yóò fi tọ́jú rẹ̀ kó tó pa rẹ́. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n dá bàbá ẹnu géètì dúró.

Mo ti ná owó inú àpò ìwé yẹn tipẹ́. Owó ilé ìwé ọmọ mi ló bá a lọ, n kò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ dá a padà láìjẹ́ pé mo kó ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn sí wàhálà. Ìdí tí n kò fi dárúkọ ìlú àti ilé nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá náà bá ń ka ìwé yìí, yóò mọ ara rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ní kí wọ́n yí kámẹ́rà yẹn padà. Èmi náà ti ń gbìyànjú láti yí ojú tèmi padà.